Ṣé Ẹja Ló Máa Wá Bá Èèyàn, Àbí Èèyàn Ló Máa Lọ Bá Ẹja? Ìtàn Àgọ́ Apẹja Orí Yìnyín

Bí ọ̀gìnnìtìn bá dé sí ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, adágún omi á dì gbagidi. Omi tí àwọn ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀ ní oṣù keje, wọ́n á máa fẹsẹ̀ rìn lórí ẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní, àwọn mìíràn á tiẹ̀ wa mọ́tò gba orí ẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹja ò kó lọ. Ó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, nínú omi tí kò dì. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹja á lu ihò sí yìnyín, á ju ìwọ̀ sí i, á sì jókòó tì í. Ibi tó máa jókòó sí yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, torí pé afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lórí adágún kò rí igi kankan tó máa dá a dúró.

Lónìí, ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù láti ra àgọ́ alágbèéká fún iṣẹ́ yìí máa bá oríṣiríṣi níbẹ̀. Ọ̀kan tóbi, òmíràn fúyẹ́, òmíràn nípọn bí aṣọ òtútù. Iye owó ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú owó, ó sì ti wà kí ẹnikẹ́ni tó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ níbẹ̀: ṣé ẹja ló máa wá bá èèyàn ni, àbí èèyàn ló máa lọ bá ẹja? Bí àwọn èèyàn ṣe dáhùn ìbéèrè yìí láti ìran dé ìran ló bí gbogbo àgọ́ tó wà lórí yìnyín.

Òkùnkùn abẹ́ aṣọ

Àwọn Ojibwe àti àwọn Dakota, tí wọ́n ti ń gbé ilẹ̀ yẹn kí òyìnbó tó dé, ni wọ́n kọ́kọ́ dáhùn. Ọ̀kọ̀ ni wọ́n fi ń gún ẹja. Apẹja á gbẹ́ ihò sí yìnyín, á dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ ṣe òpó, á wá fi awọ ẹran tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orí àti èjìká. Frances Densmore, tó kọ ìwé *Chippewa Customs* jáde ní 1929, wà lára àwọn tó ṣàkọsílẹ̀ bí àwọn Ojibwe ṣe ń gbé ìgbésí ayé wọn. Chippewa jẹ́ orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe àwọn Ojibwe.

Ẹ lè rò pé torí òtútù ni wọ́n ṣe ń bo ara wọn. Òtútù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkùnkùn gan-an ni wọ́n ń wá. Bí oòrùn bá ń tàn sójú ihò, omi á máa dán bíi dígí, èèyàn ò sì ní rí nǹkan kan nísàlẹ̀. Bí ibi tí apẹja wà bá ṣókùnkùn, ìmọ́lẹ̀ tó gba ara yìnyín wọlé á mú kí inú omi mọ́lẹ̀ kedere. Apẹja á wá máa rí ẹja láìjẹ́ pé ẹja rí òun. Á fi ọwọ́ kan mú okùn tí ẹja onígi kékeré wà lẹ́nu ẹ̀, á máa mì ín kó lè dà bíi pé ó ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹja ńlá á rò pé oúnjẹ ti dé. Ọ̀kọ̀ á dá a lóhùn.

Àwọn Ojibwe Lac du Flambeau ní Wisconsin gbajúmọ̀ fún gbígbẹ́ irú ẹja onígi bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìlú wọn gan-an, iṣẹ́ ẹja ló bí i: àwọn Faransé rí wọn tí wọ́n ń fi ògùṣọ̀ pẹja lóru, wọ́n wá pe ibẹ̀ ní Adágún Ògùṣọ̀.

Ìdáhùn tiwọn ni pé ẹja ló máa wá, ṣùgbọ́n èèyàn gbọ́dọ̀ tàn án wá. Ẹ tún kíyè sí i pé ẹrù wọn ò ju aṣọ, igi àti ọ̀kọ̀ lọ. Bí ibì kan ò bá ṣẹnuure, wọ́n á palẹ̀ mọ́, wọ́n á gba ibòmíràn lọ.

Abúlé lórí omi

Nígbà tí àwọn òyìnbó tẹ̀dó síbẹ̀, wọ́n mú ọgbọ́n yìí, wọ́n sì fi pákó rọ́pò aṣọ. Títí dòní, ilé òkùnkùn ni òfin Minnesota ń pe ahéré tí wọ́n ti ń fi ọ̀kọ̀ gún ẹja. Àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja náà kọ́ tiwọn. Wọ́n gbé sítóòfù sí i, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì sí i, àwọn kan gbé bẹ́ẹ̀dì sí i pàápàá. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, ahéré ti di abúlé.

Èyí tó yéni jù nínú irú abúlé bẹ́ẹ̀ wà ní Quebec ní Kánádà, ní ìlú Sainte-Anne-de-la-Pérade. Ní 1938, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Eugène Mailhot ń gé yìnyín lórí odò ìlú náà, ló bá rí ẹja lábẹ́ ẹ̀. Ẹja kékeré kan ni, tó máa ń ti ìsàlẹ̀ odò ńlá gòkè wá yé ẹyin nígbà òtútù. Láti ìgbà náà, ọ̀wọ́ ahéré aláràbarà ló máa ń wà lórí odò yẹn lọ́dọọdún, pẹ̀lú iná ìdáná àti ihò nínú ilẹ̀ọ́lẹ̀ wọn. Ahéré tí kò kúrò lójú kan bọ́gbọ́n mu níbẹ̀, torí pé ojú ọ̀nà ẹja ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ẹja ló ń bọ̀. Tiwọn ò ju kí wọ́n jókòó dè é.

Ṣùgbọ́n inú adágún yàtọ̀ sí ojú ọ̀nà. Ẹja bíi walleye lè wà létí àpáta láàárọ̀, kó ti lọ sínú ibú tó bá dọ̀sán. Bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹni tó bá ní ahéré pákó ò lè máa tẹ̀ lé ẹja kiri, torí mọ́tò ló máa fà á, yìnyín sì gbọ́dọ̀ nípọn kó tó lè gbé mọ́tò. Òfin Minnesota tún ní kí àmì ìdánimọ̀ ẹni tó ni ahéré wà lára ẹ̀, kí wọ́n sì kó o kúrò nínú oṣù kẹta kó má bàa rì sómi. Bí ọ̀pọ̀ ṣe di onílé lórí omi nìyẹn, tí wọ́n ń ṣeré káàdì, tí ẹja ò sì sí nítòsí.

Ọkùnrin tí kò fẹ́ jókòó sójú kan

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ará Minnesota kan tó ń jẹ́ Dave Genz dáhùn ìbéèrè yẹn lọ́nà mìíràn: èèyàn ló máa lọ bá ẹja. Ó ṣe àgọ́ kan tó pè ní Fish Trap. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ rí bí ọpọ́n gbọọrọ tí wọ́n ń wọ́ lórí yìnyín. Ìjókòó àti ẹrù wà nínú ẹ̀, aṣọ sì wà lára ọ̀pá lẹ́yìn apẹja. Bó bá dé ìdí ihò, á jókòó, á da aṣọ náà borí bí ẹni fa fìlà òjò. Bí ẹja ò bá sí, á ṣí i padà, á wọ́ ọ lọ sí ihò mìíràn. Genz tún ń lo ẹ̀rọ sónà, tó ń rán ìró lọ sísàlẹ̀ omi, tó sì ń fi hàn bóyá ẹja wà níbẹ̀. Ó lè lu ihò púpọ̀ láàárọ̀ kan, kó yẹ gbogbo wọn wò.

Lẹ́yìn ẹ̀ ni èyí tó ń ta jáde fúnra ẹ̀ gbòde. Lára ògiri ẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ pàdé láàárín, níbi tí okùn kan wà. Bí ẹ bá fa okùn náà síta, ọ̀pá á tẹ̀, aṣọ á le gan-an, ògiri á sì ta jáde bí agbòjò tí a ṣí. Tó bá ká, inú àpò gígùn kan ló máa wọ̀, èèyàn lè gbé e kọ́ èjìká.

Èwo wá ni ká rà? Ẹni tó ń dá lọ, tó sì fẹ́ máa ti ihò dé ihò, àgọ́ onípọn-ọ́n ti Genz ló bá a mu. Tẹbí-tọ̀rẹ́ tó fẹ́ jókòó pọ̀ á gbádùn èyí tó ń ta jáde, torí ó fẹ̀ nínú ju bó ṣe wúwo lọ. Àmọ́ títú u palẹ̀ ní gbogbo ìgbà á sú èèyàn, afẹ́fẹ́ sì kórìíra ògiri ẹ̀ tó ga. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀ ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ kan ìṣó oníyíyí mọ́ yìnyín, kí wọ́n tó fa ògiri yòókù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àgọ́ á máa yí gbiri lọ lórí adágún, olówó ẹ̀ á máa sáré tẹ̀ lé e. Aṣọ onípele méjì tí wọ́n ki nǹkan sí láàárín ń pa ooru mọ́, kì í sì í jẹ́ kí èémí di omi tó ń kán síni lórí. Inú ọ̀pọ̀ wọn dúdú. Òkùnkùn àwọn Ojibwe ló padà dé yẹn.

Aṣọ tó ń pa ooru mọ́ yìí ní ewu tiẹ̀ o. Ẹni tó bá tan sítóòfù gáàsì nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí ojú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, torí carbon monoxide, tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀. Ọmọ Nàìjíríà mọ ìkà gáàsì yìí: òun náà ló ń pa àwọn tó tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn. Àwọn aláṣẹ Minnesota sì ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má rìn lórí yìnyín tí kò nípọn tó íǹṣì 4. Ti mọ́tò ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ.

Ta ló ni adágún?

Mille Lacs wà lára àwọn adágún Minnesota tí ahéré apẹja pọ̀ sí jù. Etí omi yẹn náà ni àwọn Ojibwe Mille Lacs ń gbé. Ní 1837, àwọn Ojibwe fi ọ̀pọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó wà nínú àdéhùn pé wọ́n á ṣì máa dẹdẹ, wọ́n á sì máa pẹja níbẹ̀. Nígbà tó yá, ìjọba ìpínlẹ̀ ní ẹ̀tọ́ yẹn ti parẹ́. Àwọn Mille Lacs gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ ní 1990. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta 1999, adájọ́ 5 nínú 9 ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gbè wọ́n lẹ́yìn pé ẹ̀tọ́ wọn ò parẹ́. Àwọn tó fi ọgbọ́n abẹ́ aṣọ lélẹ̀ ní láti rojọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án kí wọ́n tó gbà pé ẹja inú omi yẹn kàn wọ́n.

Omi náà sì ń yí padà. Ọ̀gìnnìtìn 2023 sí 2024 ló móoru jù nínú àkọsílẹ̀ Minnesota. Yìnyín tí kò nípọn tó ò lè gbé mọ́tò, kò sì lè gbé ahéré pákó. Nírú ọdún bẹ́ẹ̀, ẹni tó lè gbé ilé ẹ̀ kọ́ èjìká ló ṣì lè rí ọjọ́ díẹ̀ fi pẹja, bó bá ti wọn yìnyín kó tó gun orí ẹ̀. Bí àwọn Ojibwe ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ẹrù fífúyẹ́, òkùnkùn lórí, àti ẹsẹ̀ tó ṣe tán láti lọ.