Iṣẹ́ Kan Náà, Owó Ọ̀tọ̀: Ìtàn Ìdọ́gba Láàárín Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìjọba

Bàbá tó bí bàbá mi ṣe lébìrà ní rélùwéè nígbà ayé òyìnbó. Ojú irin àtijọ́ tó wà láàárín Ìbàdàn àti Òṣogbo ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1945, ó di ẹrù rẹ̀, ó padà wá sí oko ní Akínyẹlé níbí, odidi 44 ọjọ́ ni kò sì fi yọjú síbi iṣẹ́. Ìyá wa àgbà máa ń sọ pé àwọn ará abúlé ti rò pé wọ́n lé e ni, wọ́n sì ń bá a kẹ́dùn lábẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó lé e. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ni.

Mo rántí ìtàn yìí nígbà tí mo lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọ́níyà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀ mọ̀ pé ní ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ọ̀nà tuntun náà láti Èkó wá sí Ìbàdàn, wọ́n sì fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pe ibùdókọ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa. Obìnrin kan tó lo ìbòrí ló wo ìwé ìwọkọ̀ mi. Ẹni tó ń darí èrò ń fi èdè Íbò bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀gá kan tí wọ́n ń kí ní "Rankadede" sì ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín wọn. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Èmi nìkan ni mo dúró tí mò ń wò wọ́n bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìgbẹ́ dé, nítorí mo mọ ohun tí bàbá àgbà sọ fún wa nípa bí iṣẹ́ ọba ṣe rí nígbà tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà láti ìdí. Kì í ṣe pé òyìnbó kò gba aláwọ̀ dúdú síṣẹ́. Bí kò bá sí akọ̀wé, ọlọ́pàá, olùkọ́ àti lébìrà aláwọ̀ dúdú, ìjọba wọn kì bá tí lè dúró fún oṣù kan. Bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni iṣẹ́ ọba rí nígbà náà: ipò òyìnbó wà lókè, ipò ọmọ adúláwọ̀ wà nísàlẹ̀, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni wọ́n sì jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn. Ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ náà ni Henry Carr, tí wọ́n bí ní Èkó ní ọdún 1863, tó kàwé gboyè ní Fourah Bay ní ilẹ̀ Sàró ní 1882. Ó wọ iṣẹ́ ìjọba Èkó ní 1889, nígbà tó sì di 1918, wọ́n fi í jẹ Rẹ́sídẹ́ǹtì fún Èkó, ipò tí àwọn òyìnbó kà sí tiwọn. Ọkùnrin náà fẹ́ràn ìwé débi pé ìwé tí ó ní nílé tó nǹkan bíi 18,000. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìjọba rà wọ́n, àwọn ni wọ́n sì fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé ìkówèésí Yunifásítì Ìbàdàn wa yìí. Ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe. Bí wọ́n bá ti fẹ́ fi hàn pé àwọn kì í ṣe ojúsàájú, Carr ni wọ́n ń tọ́ka sí, wọn yóò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn yòókù.

Ẹ wo ti àwọn dókítà. Kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀, àwọn dókítà ọmọ ilẹ̀ wa ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Èkó. Ọbadáyà Johnson wà níbẹ̀, àbúrò Samuel Johnson tó kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá. Ògúntọlá Ṣàpàrà náà wọlé ní 1896. Ní 1902, ìjọba òyìnbó da gbogbo iṣẹ́ dókítà ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà pọ̀ sábẹ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì ṣòfin pé ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ bá jẹ́ òyìnbó nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú tó wà níbẹ̀ wá bọ́ sínú ìwé ọ̀tọ̀, owó oṣù wọn kéré, ìgbéga wọn sì ní ibi tí ó mọ. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan náà ni wọ́n ti kàwé, ìdánwò kan náà ni wọ́n ṣe. Ṣàpàrà yìí kan náà ló fi ọgbọ́n wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olórìṣà Ṣọ̀pọ̀ná láti mọ bí ìgbóná ṣe ń tàn kálẹ̀, kí ìjọba tó fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Òyìnbó wo ló lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 1928, wọn kò kà á mọ́ ẹgbẹ́ wọn.

Ilé gbígbé àti ilé ìwòsàn náà kò gbẹ́yìn. Ní Ìbàdàn wa níbí, Jẹ́ríkò ni òyìnbó ti ń gba ìtọ́jú, Adéọ̀yọ́ ni ti àwọn ọmọ onílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba méjì jọ wà ní ọ́fíìsì kan, àìsàn kan náà ṣe wọ́n lọ́jọ́ kan náà, ọ̀nà wọn yà.

Ogun Hítílà ló bú ọ̀rọ̀ náà jáde. Ọjà wọ́n, gàrí wọ́n, aṣọ kò ṣeé rà. Ní 1941, Michael Imoudu, ọmọ Ọrà ní ilẹ̀ tó di Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí, tó jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, kó àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìn lọ sí ilé gómìnà. Ní 1942, ìjọba fún wọn ní owó àfikún nítorí ọ̀wọ́n ọjà, èyí tí wọ́n ń pè ní COLA. Ọjà kò dúró síbi tí owó náà dúró sí. Ní 1943, ìjọba mú Imoudu, wọ́n lé e kúrò ní Èkó lọ sí ìhà Auchi. Láàárín àsìkò yìí kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́ pé wọ́n ti fi owó kún owó àwọn òyìnbó nítorí ìyàwó àti ọmọ wọn tó wà lókè òkun. Èyí ló dun àwọn bàbá wa jù. Ṣé aláwọ̀ dúdú kò níyàwó ni? Ṣé ọmọ tirẹ̀ kì í jẹun? Èrò tó wà lọ́kàn àwọn aláṣẹ ni pé ohun tí ọmọ adúláwọ̀ nílò láti fi gbé ayé kò tó nǹkan. Ọjà kan náà sì ni wọ́n jọ ń ná.

Àwọn òṣìṣẹ́ béèrè pé kí wọ́n fi ìdajì kún owó COLA, kí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù sì máa gba ṣílè méjì àti sísì lóòjọ́. Ìjọba kọ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà 1945, Imoudu padà dé Èkó, èrò bí omi sì jáde lọ pàdé rẹ̀. Àlímọ̀tù Pẹlẹ́wúrà, ìyálọ́jà Èrékò, Mùsùlùmí tí kò mọ̀wé òyìnbó, tó sì ti ń bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ iye owó oúnjẹ láti ọjọ́ pípẹ́, wà lẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú àwọn obìnrin ọjà. Ní òru ọjọ́ 21 oṣù náà, iṣẹ́ dúró. Rélùwéè dúró, ilé ìfìwéránṣẹ́ dúró, àwọn tó ń ṣe ọ̀nà àti afárá fi irinṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje, ìjọba ti ìwé ìròyìn méjì tí í ṣe ti Nnamdi Azikiwe pa, nítorí pé wọ́n ń gbè sẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́. Kò tu irun kan lára wọn. Bàbá àgbà ń kọ ebè iṣu lóko.

Nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ìgbìmọ̀ kan wá, Tudor Davies ni olórí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà wo ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn, ó sì ní kí wọ́n fi ìdajì kún owó COLA, gẹ́gẹ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ ti wí láti ìbẹ̀rẹ̀. Hubert Ògúndé, tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe ọlọ́pàá rí, fi ọ̀rọ̀ náà ṣe eré. Nígbà tó gbé eré náà dé Jos, àwọn aláṣẹ fòfin dè é. Imoudu pẹ́ láyé, ọdún 2005 ló kú, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ yìí, wọ́n yí orúkọ padà. Wọn kò pe ipò kankan ní ti òyìnbó tàbí ti ọmọ adúláwọ̀ mọ́, wọ́n ní iṣẹ́ àgbà àti iṣẹ́ kékeré. Orúkọ nìkan kọ́ ló sì yí padà, nítorí ìtìjú kan dé bá wọn ní 1947. Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba láti Lọ́ńdọ̀nù gan-an, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sàró, wá sí Èkó. Òtẹ́ẹ̀lì Bristol ni wọ́n ti gba yàrá dè é. Nígbà tí wọ́n rí àwọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kò sí ààyè. Ìlú gbóná. Gómìnà Arthur Richards ní láti kéde pé ibikíbi tó bá jẹ́ ti ìjọba kò gbọdọ̀ fi àwọ̀ ya ènìyàn mọ́. Ní ọdún kejì, ìgbìmọ̀ tí Hugh Foot ṣe olórí rẹ̀ sọ pé wọn kò gbọdọ̀ gba àjòjì sí ipò ńlá níwọ̀n ìgbà tí ọmọ Nàìjíríà tó tóótun bá wà, kí ìjọba sì rán àwọn ọ̀dọ́ lọ kàwé. Ọdún náà ni ilé ẹ̀kọ́ gíga bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Símíónì Adébọ̀ wà lára àwọn tí àyípadà yìí gbé ga. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, 1913 ni wọ́n bí i. Rélùwéè ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ̀wé ní 1933. Nígbà tó yá, òun ni olórí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ní Sẹkitéríàtì Agodi. Ní 1970 sí 1971, òun náà ni wọ́n fi ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó yẹ owó oṣù òṣìṣẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè wò.

Bí mo bá dúró níbí, ìtàn yìí yóò dùn. Ṣùgbọ́n pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lórí àjà fún ìyàwó. Láti àárín ọdún 1950 sókè, ìjọba Àríwá ní ọmọ Àríwá ni àwọn yóò kọ́kọ́ gbà síṣẹ́. Bí kò bá sí, òyìnbó. Ọmọ Gúúsù ló kẹ́yìn. Akọ̀wé Yorùbá àti Íbò tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Kàdúná di àjòjì. Wọ́n ní tiwọn láti sọ pẹ̀lú: ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwa tí a tètè kàwé yóò gba gbogbo àga. Àwa níhìn-ín náà kò mọ́. Ní 1964 àti 1965, ìjà ńlá ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀yà àwọn tó ń gba ipò ńlá ní rélùwéè. Rélùwéè kan náà tí ọmọ Ọrà, ọmọ Íbò àti ọmọ Yorùbá ti jọ fi ebi jà fún!

Ilé ìwé ni ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ ọba, àwa Mùsùlùmí sì pẹ́ kí a tó dé ẹnu ọ̀nà yẹn. Ọwọ́ àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé wà, ọ̀pọ̀ bàbá sì ń bẹ̀rù pé ọmọ àwọn yóò padà dé pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Àwọn kan padà dé bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ní 1896 ni ìjọba dá ilé ìwé Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó, Idris Animashaun sì jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen dé ní 1923. Ìgbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ni ọmọ àgbẹ̀ Akínyẹlé tó rí àyè wọlé lọ́pọ̀. Èmi gan-an, nígbà tí mo kọ́kọ́ wá iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀gá kan wo ìwé ẹ̀rí mi méjèèjì, ti kéú àti ti òyìnbó, ó ti ti kéú sápá kan, ó ní ṣé mo lè kọ Gẹ̀ẹ́sì ṣá. Mo kọ ọ́ níwájú rẹ̀.

Àwa náà kì í ṣe aláìlẹ́ṣẹ̀, n kò ní purọ́. Nígbà tí ilé kéú wa ń wá ọ̀gá, mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó fo obìnrin tó mọ̀wé jù dá, a mú ọkùnrin. Kò sí ẹni tó sọ ìdí rẹ̀ jáde lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ àwa ni à ń kọ́ ọmọ ní ìtàn Usama ọmọ Zaid, tí Ànábì fi ṣe olórí ogun nígbà tí kò tíì ju ọ̀dọ́langba lọ. Ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Hábáṣà. Àwọn àgbà kan kùn nígbà náà pẹ̀lú.

Ní 1944, Ìyáàfin Oyínkán Abáyọ̀mí àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń béèrè ní Èkó pé kí ìjọba gba obìnrin sí iṣẹ́ ọba dáadáa. 1968 ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di Akọ̀wé Àgbà iléeṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà, ìyẹn Fọláyẹgbẹ́ Akíntúndé-Ighodalo, ọmọ Òkè-Igbó. Ìbàdàn níbí ló ti jẹ ẹ́.

Òfin kò sí lẹ́yìn mọ́. Ìwé òfin 1979 ló kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí ipò ìjọba àpapọ̀ má ṣe wà lọ́wọ́ ẹ̀yà kan, wọ́n sì dá àjọ tí yóò máa ṣọ́ ọ sílẹ̀ ní 1996. Ti 1999 kà á léèwọ̀ láti fi ìlú, ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ya ènìyàn sọ́tọ̀, ó sì fẹ́ kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ náà ro ti onírúurú ènìyàn tó wà lábẹ́ wọn. Òfin ti 2018, tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019, sọ pé nínú 100 òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ó kéré tán, kí 5 jẹ́ àwọn tí ara wọn kò pé, bí ó bá ti ṣeé ṣe tó.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó jáde nílé kéú wa, àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ bá a jà ní kékeré. Ó kàwé kọjá tèmi. Ní ọdún tó kọjá, mo sìn ín lọ fi fọ́ọ̀mù iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba kan. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti ń gbà á, kò sì sí ọ̀nà mìíràn yàtọ̀ sí àtẹ̀gùn. Mo ní kí n bá a gbé fọ́ọ̀mù náà gòkè, ó ní rárá, òun ni òun ń wáṣẹ́. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ara rẹ̀ gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti gun mẹ́jọ kí akọ̀wé kan tó rí i láti òkè, tó sáré sọ̀kalẹ̀ wá gba fọ́ọ̀mù náà. A ṣì ń retí èsì.