Ẹni Tó Ti Ibẹ̀ Dé

Ọkùnrin kan wà nínú ìwé kékeré kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti kà á. Moshe ni orúkọ rẹ̀. Tálákà ni, iṣẹ́ kéékèèké ló ń ṣe nínú ilé ìsìn àwọn Júù ní ìlú Sighet, tó wà lábẹ́ ìjọba Hungary nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n kó òun àti àwọn Júù mìíràn tí wọ́n jẹ́ àlejò ní ìlú náà, wọ́n kì wọ́n sínú ọkọ̀ ojú irin, ó di gbére. Nígbà tó ṣe, Moshe nìkan padà wá. Ó ní inú igbó ni wọ́n kó àwọn lọ, pé wọ́n ní kí àwọn gbẹ́ kòtò, àwọn ọmọ ogun Jámánì sì yìnbọn pa wọ́n sínú kòtò náà, tọmọdé tàgbà. Ẹsẹ̀ ni ìbọn ti ba òun, wọ́n sì rò pé òun ti kú. Ó ń ti ojúlé dé ojúlé, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣáà gbọ́. Ẹ mọ ohun tí àwọn ará ìlú wí? Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Àwọn mìíràn ní ó kàn ń wá ẹni tí yóò ṣàánú òun ni.

Elie Wiesel ló kọ ìwé náà. Night ni wọ́n pè é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn Òru. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí wọ́n kó òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ ní Sighet lọ sí Auschwitz ní oṣù karùn-ún ọdún 1944. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré, Júù tó lé ní 430,000 ni wọ́n kó kúrò ní ilẹ̀ Hungary, púpọ̀ jù nínú wọn ni kò sì lo ọjọ́ kan láyé lẹ́yìn tí wọ́n débẹ̀. Ìyá Wiesel àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọjọ́ tí wọ́n dé Auschwitz ló rí wọn mọ. Bàbá rẹ̀ kú ní Buchenwald ní oṣù kìíní 1945, ó ku bí oṣù mẹ́ta kí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó wọ ibẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́wàá kí ọmọ náà tó lè la ẹnu rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ọ̀pọ̀ atẹ̀wé ni kò fẹ́ ẹ. Ní 1986 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà, ọdún yẹn náà ni Wọlé Ṣóyínká tiwa gba ti lítíréṣọ̀. Ariwo Ṣóyínká ni gbogbo wa gbọ́ nígboro lọ́dún náà o. Ta ló ráyè ti Wiesel!

Ẹ ó wá bi mí pé kí ló kan ọmọ Àkókó nínú ọ̀rọ̀ àwọn Júù. Ẹ fara balẹ̀, mò ń bọ̀.

Ọmọ Àfìn ni mí, lẹ́bàá Ìkàrẹ́. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ wọ Ọ̀kà rí yóò mọ bí òkè ti pọ̀ tó ní ilẹ̀ wa. Àpáta ni lọ́tùn-ún, àpáta ni lósì. Àwọn àlejò máa ń ya fọ́tò wọn, wọ́n á ní ibẹ̀ mà lẹ́wà o. Kì í ṣe nítorí ẹwà ni àwọn baba wa fi gun orí wọn lọ kọ́lé. Ogun ló lé wọn gòkè. Láti bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà ń ti Bídà wá, wọ́n ń kó ènìyàn, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ́kù. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Tápà nìkan. Ogun Ọ̀gẹ̀dẹ̀ngbé ti Iléṣà náà jà ní Àkókó. Yorùbá bíi tiwa ni òun. Ìgbà tí Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà ní oṣù kìíní 1897 ni ọwọ́ Tápà tó kúrò lọ́rùn wa, àwọn òyìnbó sì gba ipò wọn. Ìyẹn ìtàn mìíràn.

Ìyá bàbá mi, tí ìyá rẹ̀ fojú rí ogun náà, máa ń sọ díẹ̀ níbẹ̀ bó bá wù ú. Ó ní tí ìró ẹsẹ̀ ẹṣin bá ti dún, inú ihò àpáta ni gbogbo wọn ń wọ̀, wọn a ní kí àwọn abiyamọ ki ọmú bọ ọmọ lẹ́nu kí igbe má baà tú wọn fó. Ó ní ìyá òun ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó sọ̀ kalẹ̀ lọ pọnmi ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ìkòkò omi rẹ̀ ni wọ́n rí. Mo bi í pé kí ni orúkọ ẹ̀gbọ́n náà. Ó ní wọn kì í dá a pè, pé ẹkún ni orúkọ náà máa ń dá sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ṣe sọnù.

Ẹ wò ó, ohun tí ìwé wà fún nìyẹn. Ogun jà ní Àkókó bí àádọ́ta ọdún, n kò sì tíì rí ìwé kan tí ẹni tí wọ́n kó ní ilẹ̀ wa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ti ọmọ Yorùbá tó sún mọ́ ọn jù tí mo mọ̀ ni ti Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ní 1837, nígbà tó wà ní Sàró, tí kò tíì di ẹni ńlá, ó kọ lẹ́tà kan sí akọ̀wé ìjọ CMS ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fi ro bí wọ́n ti kó òun lẹ́rú ní 1821, nígbà tí òun jẹ́ ọmọ bí ọdún 13.

Mo fẹ́ràn lẹ́tà náà nítorí pé kò pariwo. Ó ní òwúrọ̀ ni, àwọn ìyá ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó fura. Kí ọjọ́ tó kanrí, ìlú ti jóná. Wọ́n kó òun, ìyá òun àtàwọn àbúrò òun obìnrin méjì, ọ̀kan ṣì wà lẹ́yìn ìyá. Nígbà tí wọ́n dé Ìsẹ́yìn, wọ́n fi òun ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ẹni tó gba ẹṣin ní ẹṣin náà kò tẹ́ òun lọ́rùn, ni wọ́n bá dá ẹṣin padà, wọ́n dá ọmọ náà padà. Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó yá, wọ́n tún fi í gba tábà àti ọtí. Ẹ̀rù pé àwọn Pọtogí ni wọ́n máa tà á fún bà á débi pé ó ń gbìyànjú lóru láti fi aṣọ ìdí rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa, ìgboyà rẹ̀ ni kò kàn tó o. Ọmọdé! Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ àwọn Pọtogí lójú òkun ní oṣù kẹrin 1822, wọ́n kó òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀ náà. Wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ funfun tí wọ́n so rọ̀, wọ́n rí ọta àgbá tí wọ́n tò sílẹ̀. Wọ́n rò pé ẹran ènìyàn àti orí ènìyàn ni.

Ibì kan tún wà nínú lẹ́tà náà tí a kì í fẹ́ kà sókè. Ó sọ àwọn tó kó Òṣoògùn: Fúlàní wà nínú wọn, àwọn ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí ni wọ́n pọ̀ jù. Àwọn tó sì ń rà á tí wọ́n ń tà á láti ọjà dé ọjà, èdè tí òun náà ń sọ ni wọ́n fi ń ná an. Òyìnbó wà létí òkun lóòótọ́, n kò ní kí ẹnikẹ́ni dá a láre. Ṣùgbọ́n kí ọmọ náà tó dé etí òkun, ọ̀pọ̀ ọwọ́ dúdú ló ti gbà á kọjá.

Ẹ má wulẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni mò ń sọ. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 2014, àwọn Boko Haram kó akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin 276 ní Chibok. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí iléeṣẹ́ ológun fi kéde pé àwọn ti gba gbogbo wọn padà, ó ku mẹ́jọ péré. Nígbà tí àwọn òbí ní irọ́ ni, ni wọ́n wá kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Síbẹ̀ ó pẹ́ kí àwọn ènìyàn pàtàkì lórílẹ̀-èdè yìí tó jáwọ́ nínú wíwí pé kò sí ọmọ kankan tó sọnù, pé òṣèlú ni. Moshe náà ló tún dé yẹn! Nínú igbó níbẹ̀, àwọn kan lára àwọn ọmọ náà ń fi ìkọ̀kọ̀ kọ ohun tí ojú wọn ń rí sínú ìwé eksasáìsì tí wọ́n fún wọn láti fi kọ́ kéwú, wọ́n sì ń fi í pamọ́. Wọn kò ka Wiesel, wọn kò ka Crowther. Wọ́n ṣáà mọ̀ pé bí àwọn bá bọ́, ẹnìkan yóò ní irọ́ ni àwọn ń pa.

Ní 2017 bákan náà, gbogbo ayé rí fídíò ibi tí wọ́n ti ń ta ọmọ Áfíríkà ní gbàǹjo ní Líbíà. Àwọn ọmọ wa tó ti ibẹ̀ padà, kí là ń sọ fún wọn nílé? A ní wọ́n lọ, wọ́n padà lọ́wọ́ òfo. Ní ojú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìkàrẹ́ gan-an, àwọn ajínigbé ti sọ igbó di ilé. Ẹni tí wọ́n bá tú sílẹ̀, iye tí wọ́n san lórí rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń bi í.

Ní agbo ilé wa, ìdílé kan wà tí a jọ ń jẹ, tí a jọ ń mu, tí a jọ ń sin òkú. Bí ọ̀rọ̀ oyè bá dé, àwọn àgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́. Bí ọmọ wọn bá fẹ́ ṣe ìyàwó, ẹnìkan á fa àwọn àna sí ẹ̀gbẹ́ kan. Baba ńlá wọn ni wọ́n rà, láyé ìgbà tí wọ́n kó ẹ̀gbọ́n ìyá ìyá bàbá mi lọ. Ilé kan náà tó ń sunkún ọmọ tó lọ fi owó ẹyọ ra ọmọ ẹlòmíràn. N kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín àwa àti Bídà níbi tí ọ̀rọ̀ yìí dé, ẹni tó bá rí i kó wí.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ jókòó ti bàbá tó jẹ́ àgbà ìdílé náà. Mo bi í níbi tí wọ́n ti wá. Kò ronú rárá. Ó ní ilẹ̀ Yàgbà ni, ó dárúkọ abúlé náà, ó dárúkọ bàbá ọmọ tí wọ́n kó, ó dárúkọ ìyá rẹ̀. Ó ní Tápà ló mú un níbi tó ti ń ṣọ́ ẹyẹ lóko, wọ́n tà á lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ní bàbá òun ló kọ́ òun ní orúkọ wọ̀nyẹn, kí òun tó mọ owó kà. Láti Ìkàrẹ́, ọkọ̀ kò ní lo ọjọ́ kan kó tó dé ibẹ̀.

Bàbá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Oyè kan ṣí sílẹ̀ ní agbo ilé wa báyìí. Orúkọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀, tirẹ̀ kò sí níbẹ̀.