Bí Wọ́n Ṣe Ń Jábọ̀ Ìdákú Kernel: Ìtàn Infrared Nínú Linux

Infrared jẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ní ọdún 1993, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ alágbèéká para pọ̀ dá ẹgbẹ́ Infrared Data Association sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní IrDA. Ohun tí wọ́n ń wá ni ọ̀nà tí ẹ̀rọ méjì yóò fi kọjú síra, tí wọ́n á sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà. Ìlànà wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1994. Kílóbíìtì 115.2 ló lè kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àlàfo àárín ẹ̀rọ méjèèjì kò sì ju bíi mítà kan lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé eré rẹ̀ dé mẹ́gábíìtì 4. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún yóò fi parí, fèrèsé dúdú kékeré tí ìmọ́lẹ̀ náà ń gbà jáde ti wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká, fóònù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti àwọn ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ bíi Palm.

Linux, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Helsinki ní 1991, ní láti wá ọ̀nà tirẹ̀ láti lo fèrèsé yìí. Dag Brattli, tó wà ní Yunifásítì Tromsø ní àríwá Norway, ló ṣíwájú iṣẹ́ náà. Kóòdù infrared wọ inú ẹ̀dà 2.2 ti kernel, ọkàn Linux, èyí tó jáde ní oṣù kìn-ín-ní 1999. Jean Tourrilhes ti ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard gba àbójútó rẹ̀ lẹ́yìn náà, Samuel Ortiz náà sì ṣe tirẹ̀ nígbà tó yá. Iṣẹ́ ọ̀hún ní ipele púpọ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni àwọn driver, kóòdù tó ń darí ẹ̀rọ, wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún irú chip tirẹ̀: nsc-ircc, smsc-ircc, irda-usb àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. IrLAP ló wà lókè wọn, òun ló ń wá ẹ̀rọ tó wà nítòsí, òun ló sì ń di ìjíròrò mú kó má já. Lókè tirẹ̀ ni àwọn ipele tí ètò ìtẹ̀wé, fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé wà.

Kernel ni apá ètò kọ̀ǹpútà tó ní àṣẹ lórí gbogbo mẹ́mórì àti gbogbo ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn. Bí ètò lásán bá fọwọ́ kan mẹ́mórì tí kì í ṣe tirẹ̀, kernel á dá a dúró, iṣẹ́ yòókù á sì máa lọ. Ṣùgbọ́n inú kernel gan-an ni driver ń gbé. Bí òun bá ṣàṣìṣe, kò sí aláṣẹ kankan lókè rẹ̀ tó lè dá a lẹ́kun, odindi ẹ̀rọ ló sì lè kú.

Ohun mẹ́ta ló jẹ́ kí ti infrared le ju ti àwọn driver mìíràn lọ. Àkọ́kọ́ ni pé ìmọ́lẹ̀ máa ń já. Ọwọ́ lè gbọ̀n, ènìyàn sì lè gba àárín ẹ̀rọ méjèèjì kọjá. IrLAP á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 3 kó tó kìlọ̀, ó sì lè dúró tó 40 kó tó gbà pé ìjíròrò ti parí. Ní gbogbo àsìkò yẹn, oríṣiríṣi aago ló ń kà nínú kernel. Bí kernel bá tú mẹ́mórì ìjíròrò náà sílẹ̀ kó tó dá aago dúró, aago á dún, á sì lọ ka ibi tí nǹkan kan kò sí mọ́. Ìkejì ni pé ọ̀pọ̀ chip kì í fi ara wọn hàn. Oníkọ̀ǹpútà ló ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ibi tí chip wà àti nọ́ńbà tí ó fi ń ké sí CPU. Ìkẹta ni pé àwọn ènìyàn máa ń pa kọ̀ǹpútà alágbèéká dé láìronú, wọ́n sì máa ń yọ ẹ̀rọ USB nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀.

Oops ni àwọn ará Linux ń pe ohun tí kernel máa ń kọ sójú kọ̀ǹpútà nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ sọ ẹ̀ṣẹ̀ náà, pàápàá pé kernel fẹ́ ka mẹ́mórì níbi tí kò sí nǹkan. Nígbà náà, EIP ló ń tẹ̀ lé e, nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí CPU wà gan-an nínú kóòdù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohun tó wà nínú àwọn register inú CPU, ìlà Call Trace tó ń fi hàn ta ló pe ta títí ọ̀rọ̀ fi débẹ̀, àti ìlà Code tó ní ìwọ̀nba báìtì àṣẹ tí CPU ń mú ṣẹ lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé nígbà tí chip ń ké sí CPU ni àṣìṣe ṣẹlẹ̀, oops á di panic, gbogbo nǹkan á sì dúró pa. Àsìkò yẹn gan-an sì ni àwọn driver infrared ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọn.

Ìṣòro ńlá ni èyí fún ẹni tó fẹ́ jábọ̀ fún àwọn tó ń kọ kernel. Kernel tó ti kú kò lè kọ nǹkan kan sórí díìsìkì. Ní nǹkan bí ọdún 1999 sí 2002, bírò àti ìwé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń da àwọn nọ́ńbà oops kọ láti ojú kọ̀ǹpútà. Àwọn mìíràn fi wáyà so kọ̀ǹpútà kejì mọ́ ọn kí ìyẹn lè gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi ètò tó ń jẹ́ ksymoops àti fáìlì System.map yí nọ́ńbà padà sí orúkọ apá kóòdù. Bí ẹni tó dà á kọ bá ṣi nọ́ńbà kan ṣoṣo kọ, orúkọ apá kóòdù tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló máa jáde. Kì í ṣe oops nìkan ni àbọ̀ tó péye ń gbé. Ó ní láti sọ ẹ̀dà kernel, irú chip, àwọn module (apá kernel tó ṣeé kó wọlé tàbí kó jáde) tó wà nínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ tó wà ní òdìkejì, àti ohun tí ẹlòmíràn lè ṣe kí ìdákú náà lè tún ṣẹlẹ̀. Àwọn tó mọṣẹ́ á fi irdadump kún un, èyí tó ń ṣàfihàn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ méjèèjì ń bá ara wọn sọ.

Linux nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní oṣù kẹjọ 2001, Microsoft kéde nínú ìwé ìkìlọ̀ MS01-046 pé bí ẹnì kan bá dúró nítòsí kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows 2000, tó sì fi infrared fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n dìídì dàrú ránṣẹ́ sí i, driver náà á ṣubú, kọ̀ǹpútà á sì tún ara rẹ̀ tàn. Ilé-iṣẹ́ náà gbé àtúnṣe jáde pẹ̀lú ìkìlọ̀ ọ̀hún.

Láti 2002 ni ọ̀nà ìjábọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Wọ́n ṣí Bugzilla, ojúlé tí wọ́n ń kó àbọ̀ àṣìṣe sí, fún kernel ní òpin ọdún náà, kí àbọ̀ má baà máa sọnù sáàárín ímeèlì. Ní ọdún kan náà, àwọn tó ń kọ kernel 2.5 yọ àgádágodo (lock) ńlá kan kúrò, èyí tó máa ń jẹ́ kí driver pa gbogbo CPU lẹ́nu mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà oní-CPU púpọ̀ jàǹfààní nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó di dandan kí wọ́n tún àwọn driver àtijọ́ tó gbára lé e ṣe, ti infrared sì wà lára wọn. Nígbà tí kernel 2.6 jáde ní oṣù kejìlá 2003, kernel fúnra rẹ̀ ti lè kọ orúkọ apá kóòdù sínú oops, ksymoops kò sì wúlò mọ́. Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù, dé ní 2005, ó sì fún ẹni tó ń jábọ̀ ní ọ̀nà láti wá àtúnṣe tó fa ìdákú rí. Ní 2006, Ingo Molnar mú lockdep wá, èyí tó ń kìlọ̀ bí àgádágodo inú kernel bá fẹ́ há mọ́ ara wọn kí ẹ̀rọ tó kú. Ní 2007, Arjan van de Ven bẹ̀rẹ̀ ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fi oops tirẹ̀ ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ bí ẹni tó ni ín bá gbà.

Bí irinṣẹ́ ìjábọ̀ ṣe ń gbèrú sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń lo infrared ń dín kù. Bluetooth kò béèrè pé kí ẹ̀rọ kọjú síra, Wi-Fi sì yá ju infrared lọ fíìfíì. Ilé-iṣẹ́ kò fi fèrèsé dúdú náà sára kọ̀ǹpútà mọ́. Nígbà tó yá, àwọn tó ń wá àléébù ààbò ló kù tí wọ́n ń jábọ̀, wọn kò sì nílò chip kankan láti ṣe é. Ní 2010, àléébù kan tí wọ́n fún ní nọ́ńbà CVE-2010-2954 fi hàn pé bí ètò kan bá pe bind léraléra lórí socket IrDA, ẹnu ọ̀nà tí ètò ń gbà lo infrared, tí kò sì yọrí, irda_bind kò gbá ilẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀, kernel sì lè kú. Ní 2017, CVE-2017-6348 fi hàn pé kóòdù tó ń pa àtòkọ IrDA rẹ́ kò tú àgádágodo rẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ̀rọ sì lè há.

Ní oṣù kẹjọ 2017, Greg Kroah-Hartman kó gbogbo kóòdù IrDA lọ sí staging, apá kernel tí wọ́n ń fi kóòdù tí kò gún régé sí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nínú kernel 4.14. Nígbà tí 4.17 jáde ní oṣù kẹfà 2018, kò sí níbẹ̀ mọ́. Kóòdù infrared ti rìmóòtù, tó jẹ́ ọ̀tọ̀, kò bá a lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n tún kéde àléébù méjì, CVE-2018-6554 àti CVE-2018-6555, nínú IrDA ti àwọn kernel tó ṣáájú 4.17, irda_bind kan náà sì wà nínú ọ̀kan.

Àbọ̀ àwọn tó ń lò ó ló ń gbé driver ró. Nígbà tí fèrèsé dúdú kúrò lára kọ̀ǹpútà, àbọ̀ wọn dáwọ́ dúró, ewu inú kóòdù sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Yíyọ tí wọ́n yọ ọ́ kúrò ló tọ́. Ẹni tó bá ṣì ń lo kernel tó ṣáájú 4.17, tí kò sì ní ohun tó ń fi infrared ṣe, kó má ṣe jẹ́ kí module irda wọlé sínú ẹ̀rọ rẹ̀.