Ìnara Kì í Ṣe Ìsinmi
Ọdún 1928 ni àwọn ará Jàpáànù bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá orí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì. Ní ilé-iṣẹ́ púpọ̀, bí dùùrù bá ti dún, òṣìṣẹ́ yóò dìde, yóò na apá, yóò sì tẹ ara síwá-sẹ́yìn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 3. Àṣà náà dáwọ́ dúró lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ní 1951.

Mo fara mọ́ ọn. Àgbẹ̀ wa tó ń kọ ebè náà a máa na ẹ̀yìn, kò sì sẹ́ni tí í pè é lọ́lẹ. Ṣùgbọ́n Jàpáànù yìí kan náà ló ni ọ̀rọ̀ náà karoshi, ikú àṣejù iṣẹ́. 2014 ni wọ́n ṣòfin láti dènà rẹ̀. Ọ̀gá tó ń pàṣẹ ìnara, kí ó kọ́kọ́ dín ẹrù kù.