Tibi Tire: Ìtànṣán, Ẹ̀dọ̀fóró àti Eku

“Tibi tire la dá ilé ayé.” Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìtànṣán tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ ọmú rí. Bó ti ń pa àrùn náà, díẹ̀ nínú rẹ̀ á ta bá ẹ̀dọ̀fóró tó wà lẹ́yìn egungun ìhà, ibẹ̀ sì lè hu jẹjẹrẹ mìíràn lẹ́yìn ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ti ọmú ló ràn débẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni èyí.

Láti oṣù Kejì ọdún 2019 tí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ti ṣí ní Ìdí-Àràbà, obìnrin tó ń gbé Ajah lè rí ẹ̀rọ ìtànṣán ìgbàlódé lò láìsọdá òkun. Gray ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán. Ìlànà tó wọ́pọ̀ ni 50 tí wọ́n pín sí ìgbà 25, tàbí 40 sí ìgbà 15: ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Lekki. Ewu jẹjẹrẹ kejì kéré púpọ̀ sí ewu àkọ́kọ́ tí a kò tọ́jú. Kò sẹ́ni tó yẹ kó torí rẹ̀ sá fún ìtànṣán.

Bí jẹjẹrẹ kejì yìí ṣe ń bẹ̀rẹ̀ gan-an, èèyàn kọ́ ni àwọn onímọ̀ lè fi dán an wò, eku ni. Eku kì í sábà lò ju ọdún méjì sí mẹ́ta lọ láyé, nítorí náà ohun tó ń pẹ́ lára èèyàn kì í pẹ́ hàn lára rẹ̀. Wọ́n á fún un lóògùn oorun, wọ́n á fi òjé bo orí àti ikùn rẹ̀, àyà nìkan ni ìtànṣán á bá. Lẹ́yìn oṣù púpọ̀, wọ́n á yọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, wọ́n á ka kókó funfun tó yọ sára rẹ̀, wọ́n á sì gé e pẹlẹbẹ wò lábẹ́ maikirosíkóòpù.

Ní Oak Ridge, ní Amẹ́ríkà, irú iṣẹ́ yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Eku funfun BALB/c fi hàn níbẹ̀ pé ìtànṣán tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ kì í hu kókó tó èyí tó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2001, àwọn onímọ̀ lábẹ́ Tyler Jacks ní MIT ṣe eku tí jíìnì rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Kras ti yí padà, tí kókó ń hù ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ fúnra rẹ̀. Irú eku bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń wò ó bóyá ìtànṣán ló dá jẹjẹrẹ sílẹ̀ àbí ńṣe ló kàn mú èyí tó ti wà níbẹ̀ yára.

Eku kì í ṣe èèyàn ṣá. Ọ̀pọ̀ kókó rẹ̀ kì í ràn kálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í mu sìgá, nígbà tí àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn fi hàn pé amusìgá tó gba ìtànṣán ni jẹjẹrẹ kejì ń hàn léèmọ̀ jù.