"Mo Jáfara": Ọ̀rọ̀ Dẹ́rẹ́bà Níwájú Adájọ́ Mẹ́ta

Bí tírélà bá kọlu ènìyàn ní Boundary, l'Ájégúnlẹ̀, kí wọ́n tó gbé ẹni tó fara pa kúrò nílẹ̀ ni ẹjọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu èrò. Ẹnìkan á ní jàǹbá ni. Ẹlòmíràn á ní iṣẹ́ èṣù ni. Ẹni tó mọ dẹ́rẹ́bà á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kò mọ̀ọ́mọ̀." Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wúlò fún pípẹ̀tù sááwọ̀, kò sì sí ọ̀kan tó wúlò fún agbẹjọ́rò. Bí ọ̀rọ̀ náà bá di ẹjọ́ owó nílé ẹjọ́ gíga Èkó, adájọ́ kò ní wádìí bóyá dẹ́rẹ́bà mọ̀ọ́mọ̀. Ohun tó máa béèrè ni pé: ṣé ó yẹ kó ṣọ́ra fún ẹni yìí? Ṣé ó ṣọ́ra tó? Ṣé àìṣọ́ra yẹn ló fa ìpalára?

Kí wá ni ká pe ẹ̀bi tí kò ní ìmọ̀ọ́mọ̀ nínú? "Ìwà àìbìkítà" ni àwọn ìwé ìròyìn wa máa ń kọ. Ó dùn létí, àmọ́ ọkàn ènìyàn ló ń dá lẹ́jọ́, torí ẹni tí kò bìkítà ni ẹni tí kò ka ọmọ ẹlòmíràn sí. Dẹ́rẹ́bà tó ti tò sórí ìlà ní èbúté Tin Can títí oorun fi ń kùn ún lè bìkítà gan-an, ó tiẹ̀ lè máa gbàdúrà nídìí ọkọ̀. Bí kò bá yẹ bíréékì rẹ̀ wò kó tó gbéra, ilé ẹjọ́ ṣì lè dá a lẹ́bi, nítorí ohun tí awakọ̀ tó mọṣẹ́ ì bá ṣe ni wọ́n fi ń wọn tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ "àìṣọ́ra-tó-yẹ". Ó gùn, kò sì ní wọ àkọlé ìwé ìròyìn dáadáa. Ṣùgbọ́n "tó-yẹ" yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́: ó tọ́ka sí òṣùwọ̀n, ó fi ọkàn sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ta ló wá yẹ ká ṣọ́ra fún? Níbí, Yorùbá sàn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ní 1928, ní Paisley lórílẹ̀-èdè Scotland, obìnrin kan wà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ra mínírà alátalẹ̀ fún. Obìnrin náà ní òun bá ìgbín jíjẹrà nínú ìgò, àìsàn sì kọ lu òun. (Mo mọ̀ pé àwọn kan á béèrè pé kí ló burú nínú ìgbín. Jíjẹrà ni mo wí.) Òun kọ́ ló ra ìgò náà, nítorí náà kò sí àdéhùn kankan láàárín òun àti ẹni tó ṣe é. Ilé ẹjọ́ Scotland da ẹjọ́ rẹ̀ nù. Ní 1932, House of Lords ní London yí i padà, adájọ́ mẹ́ta sí méjì, wọ́n ní ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lord Atkin, ọ̀kan nínú wọn, lo ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí aládùúgbò, ló bá tún di dandan kó ṣàlàyé pé kì í ṣe ẹni tí ilé wọn kan tiwa lòun ń sọ, bí kò ṣe ẹnikẹ́ni tó yẹ kó wà lọ́kàn wa nígbà tí a bá ń ṣe ohun tó lè pa á lára. Ẹni tó bá fi "aládùúgbò" túmọ̀ rẹ̀ ti ru ìṣòro Gẹ̀ẹ́sì wọ ilé wa. "Ọmọnìkejì", tí àwọn olùtúmọ̀ Bíbélì ti lò tipẹ́, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè àdúgbò. Ẹni tó ń ṣe bisikíìtì l'Ápápá, ọmọ tó máa jẹ ẹ́ ní Ìlọrin ni ọmọnìkejì rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé kò sẹ́ni tó fi ìgbín kankan han àwọn adájọ́ London. Ohun tí wọ́n wí ni pé, ká tiẹ̀ gbà pé òótọ́ ni obìnrin yìí ń sọ, ṣé òfin fún un láyè láti béèrè owó? Irú iṣẹ́ yìí ni orúkọ "kòtẹ́milọ́rùn" tí a ń pe ilé ẹjọ́ tó ń yẹ ìdájọ́ wò kò jẹ́ ká rí. Mo fẹ́ràn orúkọ náà. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ gbọ́ Yorùbá. Àmọ́ inú ẹni tó pàdánù ló ń sọ, kò sọ iṣẹ́ ilé ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ìdájọ́ kò bá ti tẹ́ àwọn lọ́rùn, àwọn á tún kó ẹlẹ́rìí lọ, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Adájọ́ mẹ́ta ló máa ń jókòó níbẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ni wọ́n ń kà, wọn kì í sábà gbọ́ ẹlẹ́rìí. Ẹni tó ń lọ gbọ́dọ̀ gbéra láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ ìdájọ́, kó sì tọ́ka sí ibi tí adájọ́ ti ṣì í. Adájọ́ àkọ́kọ́ ló rí ẹlẹ́rìí tó ń làágùn, tó ń yí ohùn padà. Nítorí náà wọ́n máa ń fi ohun tó bá rí sílẹ̀ fún un, àfi tó bá yapa sí ẹ̀rí. Tí ilé ẹjọ́ méjì bá ti rí ohun kan náà kí ẹjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ l'Ábújá, ọ̀nà ti há gan-an. N kò ní ká pa kòtẹ́milọ́rùn rẹ́. Kí àwọn oníròyìn kàn máa fi "àyẹ̀wò ìdájọ́" kún un.

Bí kò bá wá sí ẹni tó rí bí àìṣọ́ra ṣe wáyé ńkọ́? Apápá ní ibùdókọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Liverpool. Ní Liverpool ti ìlú Òyìnbó, àgbá fùláwà já bọ́ láti ojú fèrèsé òkè ṣọ́ọ̀bù kan, ó lu ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ ní kò mú ẹ̀rí wá pé ẹnikẹ́ni jáfara. Ní 1863, àwọn adájọ́ tó yẹ ìdájọ́ yẹn wò ní àgbá kì í dédé rìn jáde láti ilé ìkẹ́rù. Kí oníṣọ́ọ̀bù ṣàlàyé. Wọ́n fún ọkùnrin náà ní 50 pọ́n-ùn. Òfin yẹn bá àwọn Òyìnbó dé ọ̀dọ̀ wa, títí di 1963 London sì ni ẹjọ́ Nàìjíríà ń parí sí. Tiwa kọ́ ni àgbá mọ́, kọ̀ntẹ́nà ni. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní, 2023, ọ̀kan já lé bọ́ọ̀sì lórí ní afárá Ojúẹlẹ́gba, ènìyàn 9 kú. Kọ̀ntẹ́nà tí wọ́n so dáadáa kì í sábà já.

Látìn ni àwọn amòfin fi ń pe òfin àgbá yìí. "Ohun-tó-ṣẹlẹ̀-ń-jẹ́rìí" ni mo pè é, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yan "jẹ́rìí", torí ẹlẹ́rìí kì í dájọ́. Ní 2006, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ da ẹjọ́ obìnrin kan nù tí abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Benin. Àwọn dókítà ti ṣàlàyé bí abẹ́rẹ́ ṣe ṣẹ́, òun kò sì mú onímọ̀ ìṣègùn kankan wá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ jẹ́rìí, wọ́n gbọ́ ọ, wọn ò sì gbà á.

Ní ti owó tí ilé ẹjọ́ máa ní kí wọ́n san fún ẹni tó fara pa, "owó gbà-má-bínú" ti wọlé tán, kò sẹ́ni tó lè lé e jáde. Àléébù rẹ̀ ni pé ó dà bí ẹ̀bẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìṣirò ni iṣẹ́ adájọ́: àdánù tó ní rìsíìtì lọ́tọ̀, ìrora tí kò ní rìsíìtì lọ́tọ̀. Ní ti ọ̀gá tó máa san gbèsè dẹ́rẹ́bà rẹ̀, "ẹ̀bi aránniníṣẹ́" ló tọ́, nítorí ohun tí ilé ẹjọ́ ń wádìí gan-an ni bóyá orí iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló wà àbí ó ti yà lọ síbi tara rẹ̀.

Gbogbo èyí lè dà bí eré àwọn olùkọ́ èdè. Ẹ wá wo ògbufọ̀ ilé ẹjọ́. Dẹ́rẹ́bà jẹ́rìí ní Yorùbá, ó ní, "Mo jáfara díẹ̀." Ó lè túmọ̀ sí pé ó pẹ́ kí òun tó tẹ bíréékì. Ó sì lè túmọ̀ sí pé òun gba ẹ̀sùn náà gan-an. Ògbufọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá láti yan ọ̀kan, adájọ́ á kọ Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ sílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì yẹn ló sì máa dé iwájú adájọ́ mẹ́ta tí wọn kò ní gbóhùn dẹ́rẹ́bà láéláé. Agbẹjọ́rò tó bá gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dìde lójú ẹsẹ̀, kó ní kí wọ́n kọ "mo jáfara" sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu ẹlẹ́rìí, kí ìtumọ̀ tẹ̀ lé e. Bó bá dákẹ́ títí dé kòtẹ́milọ́rùn, kò ní rí ibi tó máa tọ́ka sí.