Ogun Òmìnira Àlgéríà: Ǹjẹ́ Ó Ṣeé Yẹ̀ Sílẹ̀?

Ogun tí Àlgéríà fi gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1954, àdéhùn Évian sì fòpin sí i ní oṣù kẹta ọdún 1962. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣì ń jiyàn bóyá ó ṣeé yẹ̀ sílẹ̀.

Àǹfààní tó hàn jù ni àbá òfin tí ìjọba Faransé gbé kalẹ̀ ní ọdún 1936, tí a mọ̀ sí àbá Blum àti Viollette. Nǹkan bí 21,000 Mùsùlùmí Àlgéríà péré ni ì bá fún ní ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú, láìní kí wọ́n kọ òfin ẹ̀sìn wọn sílẹ̀. Síbẹ̀, àwọn olórí ìlú tó jẹ́ òyìnbó ní Àlgéríà halẹ̀ pé àwọn yóò kọ̀wé fipò sílẹ̀, ilé aṣòfin Paris kò sì dìbò lé e lórí rárá. Ferhat Abbas, apoògùn tó ti ń fẹ́ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ di ọmọ Faransé ní kíkún, ló wá kọ ìwé ìkéde ọdún 1943 tó béèrè orílẹ̀-èdè tiwọn.

Ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún 1945, bí Yúróòpù ti ń yọ̀ pé Jámánì ti túúbá, ìwọ́de ìlú Sétif ní Àlgéríà di ìpakúpa; ẹgbẹẹgbẹ̀rún kú. Òfin ọdún 1947 fún ìsọ̀rí olùdìbò tí òyìnbó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní ìjókòó 60 nínú ilé aṣòfin Àlgéríà, ó sì fún ọmọ onílẹ̀, tó lé ní mílíọ̀nù méje, ní 60 náà. Kódà, wọ́n ṣe màgòmágó ìbò ọdún 1948. Bí àyè kankan bá kù, ibẹ̀ ló ti bọ́. Abájọ tí Ahmed Ben Bella, tó ti jagun fún Faransé ní Ítálì, fi wà lára àwọn tó dá FLN sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ogun náà.